Obìnrin Tó Ní Ọjọ́ Ìbí Méjì

"Òun fúnra rẹ̀ ló pè wá pé òun ò ṣe mọ́."

Nọ́ọ̀sì àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ìwé tí wọ́n ń kọ ìpè fóònù sí síwájú lórí tábìlì bí ẹni tó gbé ẹ̀rí síwájú adájọ́. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ìyàwó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ ikùn tí abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá ti lu bí ajẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lórí ìdúró. Àga ilé ìwòsàn náà ní apá méjì, ìdí màmá náà ò sì mọ béèyàn ṣe ń wọ àárín apá méjì. Ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó máa dìde, àga bá a dìde.

Màmá Kò-tíì-tán ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ìgbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá sì ti fẹ́ pa fáìlì kan dé, gbólóhùn kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀: "Kò tíì tán."

Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó gbé jígí ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á sókè. "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó pè láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ò ṣe mọ́, kí wọ́n fi àyè òun fún ẹlòmíì. Nọ́ńbà fáìlì pé. Ọjọ́ ìbí..."

Lẹ́yìn ọjọ́ ìbí, àmì ìbéèrè kékeré kan ló wà níbẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ sọ nǹkan, tó tún gbé e mì.

"Ìyàwó, ìwọ lo pè?"

"Màmá, mi ò pè. Mo fi ẹ̀mí mi búra."

Ọdún méjìlá ni ìyàwó yìí ti wà nílé ọkọ láìgbọ́ igbe ọmọ. Kí wọ́n tó yan ilé ìwòsàn yìí, mẹ́ta ni òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara wọn dé. Ní àkọ́kọ́, àwòrán ọmọ jòjòló ló kún ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Màmá bi wọ́n pé nínú obìnrin mẹ́wàá tó ti lé lógójì, mélòó ló gbé ọmọ lọ sílé, wọ́n ní kí Màmá ṣáà ní ìgbàgbọ́. Màmá ní, "Ìgbàgbọ́ wà nílé mi. Iye ni mo wá gbọ́." Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ aago méje ni ìyàwó gbọ́dọ̀ ti dúró sídìí ààrò búrẹ́dì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló ń gba ẹ̀jẹ̀ láago mẹ́fà ìdájí kí àwọn òṣìṣẹ́ lè tètè lọ, dókítà ibẹ̀ nìkan ló sì sọ òótọ́ tó korò: "Nínú mẹ́wàá, ẹyọ kan. Ó tilẹ̀ lè má pé ẹyọ kan." Nítorí òótọ́ yẹn ni wọ́n ṣe yàn án.

Láti ìgbà náà, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́ ló ti ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, láàárín ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn tó bá ti fọ fúláwà kúrò lọ́wọ́. Ní ìdájí àná, ẹ̀rọ fi hàn pé ẹyin márùn-ún ti gbó nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìkẹyìn gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ̀ láago méje ìrọ̀lẹ́ òní géérégé, kí wọ́n lè kó ẹyin náà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n sì pò ó mọ́ omi ara ọkọ rẹ̀ nínú ìgò. Bí àkókò bá fi yẹ̀, ẹyin ṣòfò nìyẹn. Dókítà sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ara rẹ̀ ò tún ní gba irú èyí mọ́.

Dókítà náà wọlé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í yára sọ̀rọ̀.

"Màmá, àyè kan ṣoṣo ló kù fún Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́rin la máa ti ìwé orúkọ ọjọ́ náà pa. Ṣùgbọ́n mi ò ní gún obìnrin tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò fẹ́."

"Ó ní òun kọ́ ló pè."

"Níwájú yín ló ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ ní lọ́kàn?"

"Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìyàwó tí ìyá ọkọ wọn wọ́ wá síbí bí ẹran, Màmá. Ẹ máà bínú."

Màmá Kò-tíì-tán bínú. Ọ̀daràn ti pè é ní gbogbo orúkọ láyé, kò sẹ́ni tó pè é ní ìyá ọkọ burúkú rí. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìbéèrè gidi ni dókítà béèrè. Ìyẹn ló tún bí i nínú jù.

Dókítà mú ìyàwó wọ yàrá kan, àwọn méjèèjì nìkan. Nígbà tí wọ́n jáde, ó mi orí.

"Ó ní òun kọ́. Ṣùgbọ́n mo bi í pé ta ló tún mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò dáhùn. Ẹ̀rù ń ba obìnrin yìí. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń dẹ́rù bà á."

"Àwa méjèèjì la fẹ́ mọ̀ ọ́n," ni Màmá wí. "Ẹ má ti ìwé yẹn pa kí aago mẹ́rin tó lù."

*

Lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ ìyàwó, ìyàwó gbé fóònù fún Màmá kó gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sọ.

"Màmi, lọ́jọ́ Àìkú ó sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ ti sú òun. Bóyá ó pè, ó kàn ń tijú ni."

"Bóyá ìwọ náà dákẹ́," ni Màmá sọ fún ọmọ rẹ̀. "Oyún rẹ sú mi láti oṣù kẹrin. Ṣé mo ní kí wọ́n fi àyè rẹ fún ẹlòmíì?"

Ó pa fóònù. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú fèrèsé ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ dì pinpin. Màmá ń wò ó lápá kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ọmọ yìí ń fi nǹkan pamọ́, nǹkan náà kò sì jọ ìbẹ̀rù ìyá ọkọ.

*

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì náà gbóná bí ikùn ẹni tó ní ibà. Fúláwà wà lára fèrèsé, ó wà lára àtẹ̀gùn, ó wà lára ìpéǹpéjú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọ́fíìsì akọ̀wé ni fóònù ilé iṣẹ́ wà. Akọ̀wé náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi gèlè bo etí méjèèjì, ń to ìwé, ó tún ń tú u, ó tún ń tò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló lo fóònù yìí lánàá?" ni Màmá bi í.

"Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ló lò ó láago mẹ́wàá, mà. Ojú mi ló ṣe."

"Ó ṣeun, ọmọ mi."

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ni ọ̀rẹ́ tó máa ń bá ìyàwó pààrọ̀ àkókò iṣẹ́, kí ó lè ráyè lọ sí ilé ìwòsàn. Orúkọ náà ò bá a mu rárá. Bó ṣe ń bọ̀ láti yàrá ìpo-fúláwà, ńṣe ni ara rẹ̀ bo ilẹ̀kùn náà pátápátá kó tó jáde tán. Inú Màmá yọ́ díẹ̀. Ó ti rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"O lo fóònù láago mẹ́wàá àná?"

"Mo lò ó. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi ni mo pè, eyín ń dùn ún."

"O mọ nọ́ńbà fáìlì ọ̀rẹ́ rẹ nílé ìwòsàn?"

"Ó wà lórí lẹ́tà dókítà tó fi mọ́ fọ́ọ̀mù ìsinmi rẹ̀. Èmi ni mo bá a mú un wọ ọ́fíìsì."

Ìyàwó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣú. "Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ìwọ ni?"

"Èmi kí ni?" Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì lé ìdí. "Èmi tí mo dìde láago mẹ́rin ìdájí nítorí tìẹ fún ọjọ́ mẹ́wàá? Ẹsẹ̀ mi wú, mo ní kò wú. Kí lo ní mo ṣe?"

"Ẹnì kan pe ilé ìwòsàn," ni Màmá wí, "ó fi orúkọ rẹ̀ yọ ọ́ kúrò. Ó sọ nọ́ńbà fáìlì, ó sọ ọjọ́ ìbí. O mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀?"

"Bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó lé láti kíláàsì àkọ́kọ́, Màmá. Oṣù méjì ni mo fi jù ú lọ. Ẹ jí mi lójú oorun, ẹ ní kí n sọ ọ́, mo máa sọ ọ́ láìṣì í."

Màmá dúró. *Láìṣì í.* Àmì ìbéèrè kékeré yẹn padà sí i lójú.

Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó bèèrè ọmọbìnrin tó ń gba ìpè nílé ìwòsàn. "Ọmọ mi, èmi ìyá oníjàgídíjàgan àárọ̀ yìí ni. Ọjọ́ ìbí tí obìnrin yẹn sọ, kí ló dé tí o fi àmì ìbéèrè sí i?"

Ọmọbìnrin náà tú ìwé ìpè wò. "Ọjọ́ àti oṣù pé, mà. Ọdún ni kò bá fáìlì mu. Ó fi ọdún márùn-ún dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Mo rò pé... àwọn obìnrin kúkú máa ń gé e."

Màmá Kò-tíì-tán pa fóònù, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti ikùn, ó gun àyà, ó mì í bí ọkọ̀ lójú ọ̀nà tó ti bàjẹ́. Òun alára ńkọ́? Nígbà tó ń wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ọdún mẹ́rin ló gé sọnù. Nígbà tí ìjọba fi máa ní kó fẹ̀yìn tì, orúnkún rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin.

Lójijì, ẹ̀rín náà gé. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ le ju òkúta lọ.

"Ọmọ mi mọ ọjọ́ orí ìyàwó rẹ̀," ló wí. "Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn ní òótọ́ lọ́wọ́. Bí ìyàwó bá sì fẹ́ pè fúnra rẹ̀, òótọ́ tó ti fún wọn náà ló máa tún sọ. Ẹni tó pè ò mọ èèyàn yìí rárá. Ìwé rẹ̀ ló mọ̀." Ó yíjú. "Ìyàwó. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nínú ilé iṣẹ́ yìí?"

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó.

"Méjìdínlógójì, Màmá." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ò gba ẹni tó bá ti ju ọgbọ̀n lọ. Mo ti pé márùndínlógójì. Mo gé márùn-ún. Bí dókítà ṣe dárúkọ ọjọ́ ìbí, mo rò pé àṣírí ti tú. Wọ́n máa lé mi, Màmá. Wọ́n lé ọkùnrin kan lọ́dún tó kọjá lórí irú ẹ̀."

"Ìdí tí o fi gbọ̀n nìyẹn."

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn."

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ gbé báàgì náà nílẹ̀, ó gbọn fúláwà ara rẹ̀ nù. "Èmi náà gé mẹ́ta," ló sọ, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Màmá di ìyàwó lọ́wọ́ mú. "Gbọ́. Irọ́ rẹ yìí nìkan ni ẹ̀rí tá a ní pé kì í ṣe ìwọ lo pè. Tí o bá fẹ́ kó wà ní bòńkẹ́lẹ́, iṣẹ́ rẹ kù, ẹyin rẹ lọ. Tí o bá sọ ọ́ jáde, iṣẹ́ lè lọ. Mi ò ní bá ọ yàn án. Wọ́n ti ní ìyá ọkọ burúkú ni mí lẹ́ẹ̀kan lónìí."

Aago méjì ààbọ̀ ti kọjá.

*

Máníjà ò dìde nígbà tí wọ́n wọlé. Akọ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì, ó ń to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Ìyá, ibi iṣẹ́ rèé o, kì í ṣe ilé ẹbí."

"Mo rí i. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn?"

"Èmi àti akọ̀wé. Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

Màmá yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo ìyàwó. Ooru ààrò ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Irọ́ wà nínú fáìlì mi," ni ìyàwó wí. "Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Mo kọ méjìdínlógójì fún yín. Lánàá, ẹnì kan pe ilé ìwòsàn pé òun ni èmi, ó sì sọ ọjọ́ ìbí onírọ́ yẹn. Kò síbi tó wà láyé yìí àyàfi inú kọ́bọ́ọ̀dù yín."

Máníjà rẹ́rìn-ín. "O ti fi ẹnu ara rẹ lé ara rẹ níṣẹ́ nìyẹn. Ohùn obìnrin ni wọ́n gbọ́ lórí fóònù, àbí? Ṣé èmi jọ obìnrin ni?"

Màmá ti ń wo ẹlòmíì. "Akọ̀wé, ọmọ mi. Àná gùn. Wọ́n lo fóònù yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní ìrọ̀lẹ́. Mo bi ọ́ pé ta ló lò ó lánàá, o fún mi ní ẹnì kan, o fún mi ní aago mẹ́wàá. Ta ló sọ fún ọ pé aago mẹ́wàá ni mo ń wá?"

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, wọ́n fọ́n ká ilẹ̀. Kò ṣà wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó fa ìwé kékeré kan tí wọ́n ká mẹ́rin jáde níbẹ̀.

"Máníjà ló kọ ohun tí mo máa sọ, mà. Ó dúró tì mí títí mo fi kà á tán. Mo tọ́jú rẹ̀ torí mo mọ̀ pé èmi ló máa dì í lé lórí."

Màmá tú u. Lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà, ìkọ̀wé kan náà tó wà lórí ìkìlọ̀ tí máníjà kọ sí pátákó ẹnu ọ̀nà. Nọ́ńbà fáìlì. Ọjọ́ ìbí, ọdún márùn-ún dín. Nísàlẹ̀: *Sọ pé o ò ṣe mọ́. Má pẹ́ lórí fóònù.*

"Ẹgbẹ̀rún méje búrẹ́dì là ń gbé jáde lọ́jọ́bọ̀!" Máníjà ti dìde báyìí. "Òun nìkan ló mọ ìwà ààrò àtijọ́ yẹn. Mo ní kò sí ìsinmi, ó ní òun máa lọ. Kí n wá ṣe kí ni? Ọmọ lè dúró di oṣù tó ń bọ̀. Búrẹ́dì kì í dúró."

Ìyàwó sún mọ́ tábìlì rẹ̀. Kò pariwo.

"Ọdún mẹ́jọ ni mo fi dúró níwájú ààrò yín. Ọwọ́ mi jó, mo di í, mo padà. Ọjọ́ tí oyún àkọ́kọ́ bà jẹ́ lára mi, ìsàlẹ̀ yìí ló ti bà jẹ́, mo sì parí iṣẹ́ ọjọ́ náà torí ẹ ní búrẹ́dì kì í dúró. Irọ́ ọdún márùn-ún ni mo pa fún yín, mo sì ti fi ọdún mẹ́jọ san án. Ìwọ, irọ́ tí o pa lánàá, kí lo máa fi san án?"

Ó pè é ní *ìwọ*. Kò sẹ́ni tó pe máníjà yẹn ní ìwọ rí nínú ilé náà. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, tó fi etí sẹ́nu ọ̀nà, sọ pé "Hẹn-ẹn" láìmọ̀ pé ó jáde.

Màmá gbé fóònù ọ́fíìsì fún akọ̀wé. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. "Pe ilé ìwòsàn. Sọ ohun tí o sọ lánàá, bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí gbogbo wa gbọ́."

Akọ̀wé kà á pẹ̀lú omijé. Ní òdìkejì, ọmọbìnrin ilé ìwòsàn mí kanlẹ̀. "Dókítà, ohùn àná nìyí."

Dókítà gba fóònù. "Ẹ fún ìyàwó. Ṣé o fẹ́ ṣe é?"

"Mo fẹ́, sà."

"Ta ló wà níwájú rẹ?"

"Ẹni tí kò fẹ́ kí n ṣe é ló wà níwájú mi, sà. Mo ṣì fẹ́."

"Mo ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Aago méje."

Màmá ká ìwé náà mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú ìkọ́mú rẹ̀, àpótí ẹ̀rí tí adigunjalè kankan ò tíì já rí. Lẹ́yìn náà ló pe ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ nígbà tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà, ó ní kó wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu máníjà kan tó ń fi orúkọ olórúkọ sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn.

"Ìyá, iṣẹ́ ni mo ń ṣe o," ni máníjà wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Èmi náà rèé," ni Màmá wí. "Mo fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ mo ṣì ń ṣe é. Jókòó."

Ó jókòó.

*

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá abẹ́rẹ́.

"Màmá, mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń dẹ́rù bà á."

"Mo máa ń dẹ́rù bani, dókítà. Ẹ kàn ṣi ẹni náà mú ni."

Ìyàwó ti dùbúlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé e níṣẹ́ lọ́la. Kò tíì mọ̀. Nínú mẹ́wàá, ẹyọ kan. Ìyẹn náà, kò tíì mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì àgbà gbé abẹ́rẹ́ sókè síná, ó bèèrè gẹ́gẹ́ bí òfin: "Ọjọ́ ìbí rẹ?"

Ìyàwó sọ ọ́, ọjọ́, oṣù, ọdún. Ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà ní yàrá ìdúró fi gbọ́.

Aago méje lù. Abẹ́rẹ́ wọlé.

Nọ́ọ̀sì fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Màmá, orúkọ yín, ọjọ́ orí yín."

Màmá Kò-tíì-tán mú bírò. Ó wo fọ́ọ̀mù náà, ó wo ìyàwó, ó tún wo fọ́ọ̀mù.

"Èwo nínú wọn lẹ fẹ́," ló bèèrè, "tilé ni àbí ti ọ́fíìsì?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú, ó ń bẹ Màmá pé kó dákẹ́ torí ẹ̀rín ń dun ibi tí wọ́n gún, kò sì lè dẹ́kun rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ òsì bo ìwé náà bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n wo tòun, ó sì kọ òótọ́ sílẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá.